Ọdún Kan Lé Ọjọ́ Kan: Ta Ni Olùgbé Lójú Akọ̀wé Ilé-Ẹ̀kọ́?



Ẹni tí ó bá ti rí àkọlé ọ̀rọ̀ mi lára ògiri lè ti máa bi ara rẹ̀ pé kí ni ó pa onímọ̀ lítíréṣọ̀ Yorùbá pọ̀ mọ́ owó ilé-ìwé tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń san. Ọ̀nà méjì ni ó gbà kàn mí. Èkíní ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu ni òfin fi ń ya ẹni tí yóò san owó kékeré sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí yóò san owó ńlá: olùgbé, àlejò, ilé, ìpinnu ọkàn, ìpadàbọ̀. Iṣẹ́ tiwa sì ni láti tú ọ̀rọ̀ wò. Èkejì ni pé ọmọ ilé mi kan ti kó sínú rẹ̀ lọ́hùn-ún. Èmi pẹ̀lú sì ti jókòó rí ní ilé níhìn-ín, níbi tí a ti fi irú òfin bẹ́ẹ̀ dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́jọ́. N óò dé ibẹ̀ kí n tó jókòó.

Ilé-ẹ̀kọ́ tí mo ní lọ́kàn ni èyí tí n óò máa pè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò. Ẹ̀kọ́ ọdún méjì ni wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ẹni tí ó bá parí lè wáṣẹ́ lọ, ó sì lè mú ohun tí ó kà lọ sí yunifásítì láti fi ọdún méjì yòókù kún un. Ti ìlú Joliet ní ìpínlẹ̀ Illinois, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1901, ni wọ́n kà sí àgbà láàárín àwọn ti ìjọba. J. Stanley Brown, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú náà, àti William Rainey Harper, ààrẹ Yunifásítì Chicago, ni wọ́n jọ gbìmọ̀ rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà péré ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Èrò wọn ni pé kí ọmọ tí kò lè fi ilé sílẹ̀ lè ti ẹnu ọ̀nà baba rẹ̀ ka ọdún méjì àkọ́kọ́ ti yunifásítì. Ní 1947, ìgbìmọ̀ tí Ààrẹ Truman gbé kalẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ gíga dá a lábàá pé kí irú rẹ̀ wà káàkiri orílẹ̀-èdè náà. Láti ìgbà náà ni orúkọ tí wọ́n ń pè é lónìí ti wọ́pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbi ọ̀rọ̀ náà, àdúgbò. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá jẹ́ ti àdúgbò, àdúgbò náà ni ó ń bọ́ ọ. Ní Texas, fún àpẹẹrẹ, àwọn tí wọ́n ní ilé àti ilẹ̀ ní àgbègbè kọ́lẹ́ẹ̀jì ń san owó-orí lé e lórí lọ́dọọdún, apá kan nínú owó yìí sì ni kọ́lẹ́ẹ̀jì fi ń gbéra. Nítorí náà ni iye owó ẹ̀kọ́ fi pín sí mẹ́ta níbẹ̀: ti ọmọ àgbègbè tí ń san owó-orí yìí ni ó kéré jù, ti ẹni tí ó wà ní Texas ṣùgbọ́n tí kò sí ní àgbègbè náà jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ẹni tí ó ti ìpínlẹ̀ mìíràn tàbí orílẹ̀-èdè mìíràn wá ni ó ga jù lọ. Ìdìbò ni ìlú tí ó wà létí àgbègbè náà fi ń wọlé sínú rẹ̀. Bí àwọn onílé bá dìbò pé àwọn kò ní san owó-orí ọ̀hún, àwọn ọmọ wọn, tí wọn kò tíì tó dìbò, ni yóò máa san àfikún nígbà tí wọ́n bá dàgbà. Títì kan ṣoṣo lè wà láàárín ilé méjì, kí ọmọ ilé apá ọ̀tún máa san iye kan, kí ti apá òsì máa san òmíràn.

Ti California ni mo fẹ́ fi ṣe ìṣirò, nítorí pé ibẹ̀ ni àlàfo náà ti hàn gbangba. Títí di 1984, olùgbé ìpínlẹ̀ náà kì í san owó ẹ̀kọ́ rárá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò. Ní ọdún náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gba dọ́là márùn-ún lórí yúníìtì kan. Láti 2012 ni ó ti di $46. Ẹni tí wọn kò bá kà sí olùgbé yóò san $46 yìí, yóò sì tún san owó àlejò lé e, èyí tí ó ju $300 lọ lórí yúníìtì kan ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Ọgọ́ta yúníìtì ni ènìyàn ń kà kí ó tó gba oyè ọdún méjì. Olùgbé yóò san $2,760. Bí a bá fi $300 péré ka owó àlejò, ẹnìkejì rẹ̀ tí wọ́n jọ jókòó lórí àga kan náà yóò san $20,760. Ohun tí ó wà láàárín owó méjèèjì ni ọdún kan lé ọjọ́ kan.

Bẹ́ẹ̀ ni òfin wọn wí: kí ènìyàn ti jẹ́ olùgbé fún ohun tí ó ju ọdún kan lọ kí sáà ẹ̀kọ́ tó wọlé. Ṣùgbọ́n kí ni ó ń jẹ́ olùgbé? Nǹkan méjì ni wọ́n ń béèrè pé kí ó pàdé. Kí ara ẹni wà níbẹ̀. Kí ọkàn ẹni pẹ̀lú wà níbẹ̀, pé ibẹ̀ ni ẹni náà fi ṣe ilé tí kò ń rò láti kúrò. Ti ara rọrùn, ọjọ́ ni a ó kà. Ti ọkàn ni ó ṣòro. Akọ̀wé kò lè la àyà ẹnikẹ́ni wò, nítorí náà ìwé ni ó ń wò: ìwé ìwakọ̀, ìwé ìdìbò, ìwé owó-orí, ìwé báńkì, ìwé ilé tí a gbà. Ọkàn ènìyàn ti di ohun tí a ń dì sínú àpò ìwé.

Níbi tí ọ̀rọ̀ dé yìí ni Yorùbá ti kọsẹ̀. Àwa ni a sọ pé àjò kò dùn kí onílé má relé. Èmi kò tíì pàdé ọmọ Yorùbá kan ní òkè òkun, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó níbẹ̀, kí ó ra ilé, kí ó bímọ, tí yóò fi gbogbo ẹnu sọ pé òun kò ní í padà wálé mọ́. Ó lè ti lo ogójì ọdún. Yóò ṣì máa pè é ní àjò. Ìgbàgbọ́ ni èyí lọ́dọ̀ wa, kì í ṣe ètò ìrìn-àjò. Bí akọ̀wé bá wá bi irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé, 'Ṣé ibí ni o fi ṣe ilé títí láé?', ìdáhùn òtítọ́ inú rẹ̀ yóò sọ ọ́ di àlejò, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ ju ti ẹni tí ń bi í léèrè lọ.

Ti akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gba físà lọ le ju èyí lọ. Òfin ìwọ̀lú Amẹ́ríkà ti 1952 ni ó fi lélẹ̀ pé ẹni tí yóò bá gba físà akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ní ilé ní orílẹ̀-èdè mìíràn, ilé tí kò ní in lọ́kàn láti pa tì. Nígbà tí ó wà ní ọ́fíìsì wọn ní Èkó, ó sọ pé òun yóò padà. Ohun tí ó sọ ni ó fi rí físà gbà. Nígbà tí ó dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n fi so ó mọ́ owó àlejò. Bí ó tilẹ̀ lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀ lórí físà náà, aago tirẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà ti yẹ ìyàtọ̀ yìí wò nínú ẹjọ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ àwọn àjọ àgbáyé tí wọ́n ń kàwé ní Yunifásítì Maryland. Físà tiwọn kò ní kí wọ́n búra pé àwọn yóò padà sílé, síbẹ̀ wọn kò fẹ́ ka wọ́n sí olùgbé. Ní 1982, nínú ẹjọ́ tí a mọ̀ sí Toll àti Moreno, ilé-ẹjọ́ dá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà láre, pé ìpínlẹ̀ kan kò lè fi ẹrù tirẹ̀ kún èyí tí ìjọba àpapọ̀ ti dì fún àlejò tí ó gbà wọlé.

Ẹjọ́ kan tún wà ṣáájú èyí tí ó yẹ kí a mọ̀. Connecticut ṣe òfin kan pé bí àdírẹ́sì akẹ́kọ̀ọ́ bá wà ní ìta ìpínlẹ̀ náà nígbà tí ó ń kọ ìwé ìwọlé, tàbí ní ìgbà kan láàárín ọdún tí ó ṣáájú bí kò bá tíì ṣe ìgbéyàwó, àlejò ni yóò jẹ́ títí yóò fi jáde. Obìnrin kan fẹ́ ọkọ tí ó jẹ́ ọmọ Connecticut, ó kó wá sí ilé ọkọ, ó gba ìwé ìwakọ̀ ibẹ̀, ó sì forúkọ sílẹ̀ láti dìbò níbẹ̀. Wọ́n ní àlejò ni. Ẹ gbé e wò lójú Yorùbá: ìyàwó ilé, tí a ti wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ni wọ́n ń pè ní àlejò! Ní 1973, nínú ẹjọ́ Vlandis àti Kline, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fagi lé òfin náà. Kì í ṣe pé wọ́n ní ìpínlẹ̀ kò lè gba owó púpọ̀ lọ́wọ́ àlejò. Wọ́n ní ó lè ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì lè ní kí ènìyàn dúró fún ìwọ̀n àkókò tó bójú mu. Ohun tí wọ́n kọ̀ ni pé kí a ti ilẹ̀kùn mọ́ ènìyàn láìjẹ́ kí ó fi ẹ̀rí hàn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. N óò tún padà sí i.

Mo ní ọmọ ilé mi kan ti kó sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ àbúrò mi obìnrin ni. Nígbà tí Nàìjíríà ṣì wà lára àwọn orílẹ̀-èdè tí ó lè kópa nínú físà oríire ni ó jẹ ẹ́, ó sì gúnlẹ̀ sí agbègbè Houston ní oṣù kẹsàn-án 2014 pẹ̀lú ìwé ìgbélùú pípé. Ilé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, tí ó ti pẹ́ níbẹ̀, ni ó wọ̀ sí. Ìyá ẹ̀gbọ́n mi yìí ti darúgbó kùjọ́kùjọ́. Ọmọ náà ni ó ń gbé e dìde, tí ó ń fún un lóúnjẹ, tí ó ń jókòó tì í nígbà tí àwọn tó kù bá lọ síbi iṣẹ́. Kò sí ẹni tí ó san owó fún un. Ta ni yóò sanwó fún ọmọ nítorí pé ó tọ́jú ìyá àgbà?

Oṣù kejìlá 2015 ni ó lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbẹ̀ láti forúkọ sílẹ̀ fún sáà tí yóò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní. Ó ti ju oṣù méjìlá lọ tí ó ti wà ní Texas, iye tí òfin ibẹ̀ ń béèrè. Wọ́n ní kí ó mú ẹ̀rí wá. Ilé kò sí lórúkọ rẹ̀. Iná kò sí lórúkọ rẹ̀. Kò ní ìwé owó oṣù. Wọ́n ní kí ó mú ìwé àdéhùn tí ó wà láàárín òun àti onílé wá. Alẹ́ ọjọ́ náà ni ẹ̀gbọ́n mi pè mí.

'Ọ̀jọ̀gbọ́n, o gbọ́ ohun tí wọ́n ní kí n ṣe? Wọ́n ní kí èmi àti ọmọ mi tọwọ́ bọ ìwé ilé! Ṣé mo sọ fún wọn pé mo ń gba owó ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ni?'

Mo ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ.'

Ó ní, 'Bí mo bá ṣe é, irọ́ ni. Bí ìyá rẹ̀ bá gbọ́ ńkọ́?'

Èmi tí mo ń kọ́ ènìyàn ní ìtumọ̀ ọ̀rọ̀, n kò rí ìdáhùn fún un. Nínú agboolé, ẹni tí a fẹ́ràn jù ni kì í ní ìwé. Àyálégbé nìkan ni ó ní ìwé, nítorí pé a kò mọ̀ ọ́n. Bí ó bá di ọjọ́ tí a óò fi ìwé wọn ìbátan, ẹni tí ó sún mọ́ ilé jù lọ ni yóò kọ́kọ́ bọ́ síta. Mo tún ranti ìbéèrè mìíràn tí ọmọ náà kà sí mi létí lórí tẹlifóònù, pé kí ni ó gbé e wá sí Texas: ṣé ẹ̀kọ́ ni, ṣé iṣẹ́ ni, ṣé láti fi ibẹ̀ ṣe ilé? Ó ní, 'Bàbá, èwo ni kí n mú níbẹ̀? Gbogbo rẹ̀ ni.' Ẹni tí ó bá sì mú ẹ̀kọ́, tí òtítọ́ ń pa á, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ara rẹ̀ ní àlejò.

Nígbẹ̀yìn, ẹ̀gbọ́n mi lọ búra níwájú ẹni tí òfin yàn, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ọmọ náà ń gbé ọ̀dọ̀ òun láìsan owó. Ìgbà tí wọ́n fi gbà á, sáà ti wọlé. Ó dúró di oṣù kẹjọ 2016. Oṣù méje, fún ọmọ tí ó ti jẹ́ ẹni ọdún mẹ́rìnlélógún, kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ó wọlé, ó san iye tí olùgbé ń san, ó sì parí.

New York ní ọgbọ́n tirẹ̀. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò lọ gba ìwé ẹ̀rí olùgbé lọ́wọ́ káúntì rẹ̀, pé ó ti lo ọdún kan ní ìpínlẹ̀ náà àti oṣù mẹ́fà ní káúntì ọ̀hún. Bí ó bá wá lọ kàwé ní káúntì mìíràn, káúntì tirẹ̀ ni yóò san ìdá tí ó kàn án fún kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá sì ti gbé káúntì méjì láàárín oṣù mẹ́fà náà, àwọn káúntì méjèèjì yóò pín gbèsè náà gẹ́gẹ́ bí iye oṣù tí ó lò lọ́dọ̀ ìkọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tí mo kọ́kọ́ ka èyí, ẹ̀rín pa mí. Ó rán mi létí bí àwọn àgbà ṣe ń pín ogún. Ṣùgbọ́n ìwà ọmọlúàbí wà nínú rẹ̀. Ilé ni ó ń ru ẹrù ọmọ rẹ̀, níbikíbi tí ọmọ bá lọ.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo rẹ̀ ni ó dára bẹ́ẹ̀. Ní 2001, Texas àti California ṣe òfin tí ó jẹ́ kí ọmọ tí kò ní ìwé ìgbélùú, ṣùgbọ́n tí ó lo ọdún mẹ́ta ní ilé-ẹ̀kọ́ girama wọn tí ó sì parí níbẹ̀, san iye tí olùgbé ń san. Texas ni ó kọ́kọ́ ṣe é. Ní oṣù kẹfà 2025, ìjọba àpapọ̀ pe Texas lẹ́jọ́ lórí òfin náà. Lọ́jọ́ kan náà ni Texas gbà pé òfin òun kò tọ́, adájọ́ sì dá a dúró. Àwọn ọmọ tí ó kàn kò sí nínú kóòtù nígbà tí èyí ṣẹlẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a padà wálé.

Yorùbá ní ọ̀rọ̀ méjì tí a kì í fi ara wọn dípò. *Ará* ìlú ni ẹni tí ó ń gbé ìlú. *Ọmọ* ìlú ni ẹni tí baba rẹ̀ ti ibẹ̀ wá. Ènìyàn lè di ará. Ọmọ kì í ṣe ohun tí a ń dà. Oríkì orílẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀: ẹni tí a bí ní Èkó, tí ó dàgbà ní Kánò, Olúfẹ̀ tàbí Ìkòyí ni a ó fi kì í bí ó bá ti ibẹ̀ ṣẹ̀. Mo fẹ́ràn èyí púpọ̀. Òun ni mo fi ń jẹun. Ṣùgbọ́n ìtàn wa kò fi bẹ́ẹ̀ bá a mu. Ìbàdàn tí ó di ìlú ńlá ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn, ibùdó ogun ni. Ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Ìjẹ̀bú àti ará Ẹ̀gbá ni wọ́n kó ara wọn jọ síbẹ̀. Balógun Ìbíkúnlé ti Ogbómọ̀ṣọ́ wá. Bí wọ́n bá ti béèrè ìwé ọmọ ìbílẹ̀ lẹ́nu odi ìlú nígbà náà, ta ni ì bá wọlé?

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 ní ẹnu méjì lórí ọ̀rọ̀ yìí. Abala 15 ní kí ìjọba rí i pé ọmọ orílẹ̀-èdè yìí ní ẹ̀tọ́ olùgbé ní kíkún ní ibi gbogbo. Ṣùgbọ́n ara orí kejì ni ó wà, èyí tí a kò lè torí rẹ̀ pe ìjọba lẹ́jọ́. Abala 318, níbi tí a ti túmọ̀ ọ̀rọ̀, ní ẹni tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan ni ẹni tí òbí rẹ̀ kan tàbí òbí àgbà rẹ̀ kan jẹ́ ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀. Ìtumọ̀ kejì yìí ni ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ ti fi ń bu owó. Àwọn tí ń gbè é lẹ́yìn ní, owó ìpínlẹ̀ wa ni, ọmọ wa ni kí ó jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń dá owó náà? Láti ìgbà òfin owó-orí ti 1993, ìpínlẹ̀ tí òṣìṣẹ́ *ń gbé* ni ó ń gba owó-orí rẹ̀, kì í ṣe ìpínlẹ̀ tí baba rẹ̀ ti wá. Bí ó bá di ọjọ́ owó-orí, ará ni a ń wá. Bí ó bá di ọjọ́ owó ilé-ìwé, ọmọ ni a ń wá.

Ní 2009, mo wà nínú ìgbìmọ̀ tí ń yẹ fọ́ọ̀mù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun wò ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kan. Ọmọbìnrin kan wà nínú wọn tí ó fẹ́ kọ́ Yorùbá. Ará Ìdomà ni baba àti ìyá rẹ̀, láti ìpínlẹ̀ Benue. Ìlú tí ilé-ẹ̀kọ́ náà wà ni a ti bí i, ibẹ̀ ni ó ti ṣe alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti girama. Ẹni ọdún mọ́kàndínlógún ni. Ó so ìwé owó oṣù baba rẹ̀ mọ́ fọ́ọ̀mù, a sì rí owó-orí tí ìpínlẹ̀ yọ níbẹ̀ lóṣooṣù. Nínú ìdánwò ìwọlé tí èmi fúnra mi máàkì, àròkọ lórí oríkì ìlú náà ni ó kọ. Òun ni ó mú ipò kìíní. Níbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ìlú rẹ̀, orúkọ ìlú náà ni ó kọ síbẹ̀. Mo fi gègé pupa fa ìlà sí i, mo kọ Benue sókè rẹ̀. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Owó tí a bù fún un fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó san ti ọdún kìíní. Nígbà tí ọdún kejì bẹ̀rẹ̀, a kò rí i mọ́.

Ìgbà tí ọmọ àbúrò mi ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù láti Texas, tí inú ń bí mi sí akọ̀wé tí kò mọ̀ ọ́n, ni mo ranti gègé pupa náà. Oṣù méje ni akọ̀wé yẹn gbà lọ́wọ́ ọmọ wa, nítorí pé ìwé kò pé. Aago rẹ̀ ń ṣiṣẹ́, ìwé sì pé nígbẹ̀yìn. Ọmọ ọlọ́mọ tí èmi dá lẹ́jọ́ kò ní aago kankan. Ọdún mọ́kàndínlógún kò tó, àádọ́ta kì bá má tó. Kò sí ìwé tí ó lè mú wá. Ohun tí ilé-ẹjọ́ ní kí Connecticut má ṣe mọ́ ní 1973 ni mo ṣe ní 2009, tí mo sì lọ jẹun ọ̀sán lẹ́yìn rẹ̀.

Ní oṣù tí ó ń bọ̀, ọ̀rọ̀ owó ilé-ìwé yóò wá síwájú ìgbìmọ̀ àgbà tí mo wà nínú rẹ̀ báyìí. N óò mú àbá kan lọ: pé kí a fi ilà kan kún fọ́ọ̀mù lábẹ́ èyí tí ó ń béèrè ọmọ ìbílẹ̀, kí ẹni tí òun tàbí òbí rẹ̀ bá ti gbé ìpínlẹ̀ fún ọdún mẹ́ta tí ó ṣáájú ìwọlé máa san iye kan náà pẹ̀lú ọmọ ìbílẹ̀, kí ìwé owó-orí, ìwé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tàbí ìbúra ẹbí tó gbà á sílé jẹ́ ẹ̀rí. Mo ti ń gbọ́ pé àwọn kan yóò takò ó, pé ìpínlẹ̀ mìíràn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ọmọ tiwa. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. N óò ṣì mú un lọ.

Mo ti wádìí ọmọbìnrin náà. Wọ́n ní ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé-ìwé aládàáni kan, ní ìlú kan náà. Mo kọ lẹ́tà sí i. Kò tíì fèsì.